Ilé mi wà ní Mọníyà, kọ̀ǹpútà mi wà ní Agbowó: kíbọ́ọ̀dù ń kọ ohun tí mi ò tẹ̀

Onítáìpù Agbowó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ẹ má fi gígùn ọ̀rọ̀ mi bínú. N kò mọ èyí tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ ni mo ṣe kó gbogbo rẹ̀ wá.

Ṣọ́ọ̀bù táìpù ni mo ní ní Agbowó, lódìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Prójẹ́ẹ̀tì àti tísíìsì la ń ṣe jù. Àwọn tó ń kọ tiwọn ní Yorùbá ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá mi, torí wọ́n mọ̀ pé n kì í fo àmì. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, òun ni gbogbo fọ́ǹtì àti fáìlì oníbàárà wà lórí rẹ̀, òun náà la so mọ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé jáde. Ilé mi wà ní Mọníyà. Ẹni tó bá mọ Òjóò láàárọ̀ Mọ́ńdè kò ní bi mí pé kí ló dé tí mo fẹ́ máa ti ilé ṣiṣẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi tò ó. Remote Desktop ti Windows, èyí tó ń jẹ́ kí n jókòó sílé kí n máa lo kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, là ń lò. Tailscale, ètò tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló sì fi so méjèèjì pọ̀. Windows 11 Pro ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, Windows 11 Home ló wà lórí lápútọ́ọ̀pù mi. Tòkunbọ̀ ni lápútọ́ọ̀pù náà, Queen Cinema ni mo ti rà á, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ti wá torí pé àmì pọ́n-ùn wà lórí bọ́tìnì 3 rẹ̀. Ọmọ tó tò ó fún mi ti lọ sìnrú ìlú báyìí, ibi tí wọ́n gbé e lọ kò sì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì gidi.

Ohun tí ojú mi ń rí nìyí o. Bí mo bá wọlé láti ilé, lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ kì í jáde. Mo máa tẹ̀ wọ́n bí mo ṣe máa ń tẹ̀ wọ́n, e, o àti s lásán ló máa hàn. Bẹ́ẹ̀ tí mo bá ṣí Word tó wà lórí lápútọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, wọn a jáde geere, tàmì tàmì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, mò ń táìpù lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni lẹ́tà á di àṣẹ: mo tẹ e, ibi tí fáìlì wà á ṣí gbàgà, mo tẹ d, gbogbo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà á pòórá, mo tẹ l, ó ti tì mí síta. Bó bá sì ti tì mí síta báyìí, páswọ́ọ̀dù tó gbà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé, kò ní gbà á mọ́. Ó ní kò tọ̀nà.

Èyí tó tiẹ̀ bí mi nínú jù ni pé ọmọṣẹ́ mi pè mí láàárọ̀ pé kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù ti bàjẹ́, pé bí òun bá tẹ @, àmì ọ̀rọ̀ ẹnu (") ni òun ń rí. Oníbàárà dúró sí i lórí, ó fẹ́ fi CV ránṣẹ́ sí íméèlì. Kíbọ́ọ̀dù ọ̀hún, tuntun ni o.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ tó ń já. Nígbà mìíràn á kàn dúró gbagidi, mo máa wo ojú kan náà títí, kó tó wá sọ pé òun ń gbìyànjú láti tún so ara òun. Ọjọ́ mìíràn kì í tilẹ̀ wọlé rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹnjiníà Sáńgo:

Ẹ kú wàhálà, àǹtí. Ẹ ṣe é tí ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá. Ẹni tó kàn wí pé "kò ṣiṣẹ́" ló máa ń dá wa lágara níbí. Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ohun mẹ́ta. Kí ni ẹ fi ń kọ àmì lórí lápútọ́ọ̀pù, ṣé Keyman ni àbí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó bá Windows wá? Bọ́tìnì wo ni ẹ fi ń ti Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí Yorùbá? Lọ́jọ́ tí kò bá wọlé rárá, tí ẹ bá pe ọmọṣẹ́ yín, kí ló ní òun ń rí lójú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù?

Onítáìpù Agbowó:

Keyman ni, Bọ̀dá Ẹnjiníà. Ó wà lórí méjèèjì, ti ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù. Windows àti spacebar ni mo fi ń pààrọ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá wọlé, ọmọ náà máa ń ní kọ̀ǹpútà wà ní títàn, ó dúró síbi tí wọ́n ti ń tẹ páswọ́ọ̀dù. Tó bá ti wọlé síbẹ̀ fúnra rẹ̀, èmi náà á rí ọ̀nà wọlé. Mo rò pé ó kàn ń ṣe bó ṣe wù ú ni.

Ará Àpáta:

Kí ni gbogbo Tailscale yìí fún? Ẹ lọ sínú ráútà yín, ẹ ṣí ojú ọ̀nà 3389, ẹ máa wọlé tààrà. Bí èmi ṣe ń ṣe é láyé ọjọ́sí nìyẹn.

Ẹnjiníà Sáńgo:

Ará Àpáta, ẹ má kọ́ àwọn èèyàn ní ìyẹn mọ́. 3389 ni gbogbo ayé mọ̀ sí ojú ọ̀nà Remote Desktop. Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní pẹ́ tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbìyànjú páswọ́ọ̀dù káàkiri máa fi kan ilẹ̀kùn yín, wọn kò sì ní sinmi. Lọ́dún 2019 ni Microsoft sáré dí ihò kan tí wọ́n ń pè ní BlueKeep, èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbà wọlé láìní páswọ́ọ̀dù rárá lórí àwọn Windows àtijọ́, títí dé Windows 7. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lórí dátà fóònù tí ọ̀pọ̀ wa ń lò nílùú yìí, ẹ ò tiẹ̀ lè ṣí nǹkan kan. Ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo. Tí àdírẹ́ẹ̀sì tí ráútà yín gbà láti ìta bá bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 títí dé 100.127, ẹ ti wà nínú irú agbo bẹ́ẹ̀ nìyẹn, ẹni tó wà níta kò lè rí yín. Ìdí rèé tí àwọn èèyàn fi ń lo Tailscale. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àǹtí ṣe dáadáa.

Ó yá, àǹtí. N óò bẹ̀rẹ̀ láti orí kíbọ́ọ̀dù, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ pọ̀ sí.

Remote Desktop ti Windows kì í sábà fi lẹ́tà ránṣẹ́. Nọ́ńbà bọ́tìnì ló ń fi ránṣẹ́: ó tẹ bọ́tìnì báyìí, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì báyìí. Kọ̀ǹpútà tó wà ní Agbowó ló ń sọ nọ́ńbà yẹn di lẹ́tà, ó sì ń wo ètò kíbọ́ọ̀dù tó bá wà lórí òun nígbà náà kó tó sọ ọ́. Àrokò gan-an ni. Ẹni tó gbà á ló ń tú u, kì í ṣe ẹni tó fi rán èèyàn.

Ẹ wá fi ìyẹn wo Keyman. Keyman tó wà lórí lápútọ́ọ̀pù yín máa ń gba bọ́tìnì tí ẹ tẹ̀, á sọ ọ́ di ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ yìí kò sí lórí kíbọ́ọ̀dù kankan, kò ní nọ́ńbà bọ́tìnì. Kò rí ohun tó máa gùn dé Agbowó. Èyí tó wà ní Agbowó ni yóò ṣiṣẹ́ yẹn, ẹ sì ti ní i níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tí kò ṣe é? Torí pé Windows àti spacebar tí ẹ ń tẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí Remote Desktop kò bá gba gbogbo ojú lápútọ́ọ̀pù, lápútọ́ọ̀pù ló máa ń gba àwọn bọ́tìnì yẹn mọ́ra. Ẹ̀yin rò pé ẹ ti bọ́ sí Yorùbá ní ṣọ́ọ̀bù, ti ilé lẹ ń yí.

Kí ẹ tó tẹ Connect, ẹ tẹ Show Options, ẹ lọ sí Local Resources. Níbi tí wọ́n kọ Keyboard sí, ẹ yan On the remote computer. Ẹ wá pa Keyman ti lápútọ́ọ̀pù, ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì lásán sílẹ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ tẹ Windows àti spacebar, ẹ máa rí i tí ti ṣọ́ọ̀bù yóò yí. Òun nìkan ni kẹ́ ẹ máa yí.

Lẹ́tà tó ń di àṣẹ, ẹbí kan náà ni. Windows pẹ̀lú E ló ń ṣí fáìlì, Windows pẹ̀lú D ló ń kó gbogbo nǹkan kúrò lójú, Windows pẹ̀lú L ló ń tì yín síta. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù gbọ́ pé ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, kò gbọ́ pé ẹ ti fi sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìsopọ̀ já láàárín méjèèjì, ó sì lè jẹ́ pé ẹ fò lọ sí ojú mìíràn lórí lápútọ́ọ̀pù kẹ́ ẹ tó gbé ọwọ́ kúrò. Bó bá tún ṣe yín, ẹ má bá a jà: ẹ tẹ bọ́tìnì Windows lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi sílẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ctrl, Alt àti Shift, tòsì tọ̀tún. Ara rẹ̀ á balẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ @. Lórí kíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà, Shift àti 2 ló ń gbé @ jáde. Lórí ti Gẹ̀ẹ́sì, Shift àti 2 á gbé àmì ọ̀rọ̀ ẹnu jáde, @ sì wà nítòsí Enter. Nígbà tí ẹ bá ti ilé wọlé, lápútọ́ọ̀pù yín máa ń sọ fún ti ṣọ́ọ̀bù pé ètò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lòun ń lò, ti ṣọ́ọ̀bù á sì gbé e wọ̀. Tí ọmọṣẹ́ bá wá jókòó ti iṣẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀ láìjáde pátápátá, inú ètò yín ló bá ara rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe kíbọ́ọ̀dù rẹ̀.

Mo fẹ́ gbà pé @ wà nínú páswọ́ọ̀dù yín. (Ẹ má dá mi lóhùn níbí o.) Páswọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, orí lápútọ́ọ̀pù lẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ kí ìsopọ̀ tó wáyé, ètò ti ilé ló ń lò. Èyí tí ẹ ń tẹ̀ lẹ́yìn tó bá tì yín síta, inú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù lẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Ètò méjèèjì lè má bára mu, páswọ́ọ̀dù tó tọ̀nà á sì di èyí tí kò tọ̀nà. Àmì ojú kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí páswọ́ọ̀dù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ máa rí ohun tó kọ gan-an.

Bí ẹ ṣe máa parí rẹ̀: lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣí regedit (ibi tí Windows ń kó ètò inú rẹ̀ pamọ́ sí), ẹ lọ sí HKEY_LOCAL_MACHINE\SYSTEM\CurrentControlSet\Control\Keyboard Layout. Ẹ ṣọ́ra, méjì ló wà níbẹ̀ tó jọra. Èyí tí kò ní s lẹ́yìn lẹ fẹ́. Ẹ dá DWORD (àyè tó ń gba nọ́ńbà) kan síbẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ jẹ́ IgnoreRemoteKeyboardLayout, kí iye rẹ̀ jẹ́ 1. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn. Láti ìgbà náà lọ, kò ní gba ètò kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ àlejò mọ́. Bí ọwọ́ yín kò bá mọ regedit, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe é. Kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fi ọwọ́ ta síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Mò ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìsopọ̀. Wọ́n ti mú iná lọ níbí, ẹ jẹ́ n wá nǹkan ṣe sí i.

Ọmọ Bódìjà:

Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà ti sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n èmi ò rò pé ó yẹ kí màmá máa wọ regedit lọ. RustDesk wà, irú Remote Desktop mìíràn ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ẹ bá wọlé tán, ẹ lọ sí ibi kíbọ́ọ̀dù, ẹ máa rí Map mode àti Translate mode. Map mode ń fi ipò bọ́tìnì ránṣẹ́, Translate mode ń gbìyànjú láti fi lẹ́tà fúnra rẹ̀ ránṣẹ́. Pẹ̀lú Translate, lápútọ́ọ̀pù Gẹ̀ẹ́sì àti kọ̀ǹpútà Amẹ́ríkà kò ní jà lórí @.

Bí iṣẹ́ kan bá sì ń jó yín lẹ́sẹ̀ nísinsìnyí, ẹ lo Alt àti X nínú Word. Ẹ tẹ 1EB9, ẹ tẹ Alt pẹ̀lú X, ó di ẹ. 1ECD ni ọ, 1E63 ni ṣ. Àmì òkè náà bẹ́ẹ̀: 0301 fún òkè, 0300 fún ìsàlẹ̀, lẹ́yìn fáwẹ́ẹ̀lì. Bọ́tìnì lásán ni gbogbo ìyẹn, nítorí náà á dé Agbowó.

Bàbá Atúnwèéṣe:

Ọmọ Bódìjà, o fi ohun kan sílẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá kọ a tàbí e lásán tí a wá tẹ 0301 mọ́ ọn lára, Word máa ka a tàbí e yẹn mọ́ nọ́ńbà náà, torí pé wọ́n wà lára lẹ́tà tí a fi ń ka irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Nǹkan mìíràn ló máa jáde. Kí wọ́n fi máòsì yan 0301 nìkan kí wọ́n tó tẹ Alt àti X. Lẹ́yìn ẹ tàbí ọ, kò sí wàhálà. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni ọgbọ́n yìí dára fún ṣá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe tísíìsì odidi, mo kí i.

Àbá tèmi fún ẹni tó ń kánjú: kí ẹ fi Keyman ilé kọ ọ́ sínú Notepad lápútọ́ọ̀pù, kí ẹ fi Ctrl C àti Ctrl V gbé e sínú ti ṣọ́ọ̀bù. Ìkọ̀wé tí a dà kọ máa ń kọjá pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Bí kò bá kọjá mọ́ lójijì, ẹ ṣí Task Manager ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ pa rdpclip.exe tó ń gbé ohun tí a dà kọ kọjá, ẹ tún un pè pẹ̀lú Windows àti R.

Ẹnjiníà Sáńgo:

Mo ti padà. Ọmọ Bódìjà, RustDesk dára, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n n kò ní fi Translate mode tẹ ẹ̀ tàbí ọ́ lọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́tà tó ru àmì méjì, lókè àti nísàlẹ̀, kò ní kóòdù ti ara rẹ̀. Méjì ni wọ́n tò pọ̀, ó sì rọrùn kí ọ̀kan sọnù lọ́nà. Kí Keyman wà níbi tí Word wà, ìyẹn ló fọkàn ẹni balẹ̀.

Ìsopọ̀ ni ó kù. Àǹtí, ẹ ní bó ṣe wù ú ló ń ṣe, àmọ́ ẹ ti sọ ohun tó ń ṣe é lẹ́nu ara yín: ó dúró síbi páswọ́ọ̀dù, bí ọmọṣẹ́ bá ti wọlé, ẹ̀yin náà á rí ọ̀nà. Tailscale lórí Windows kì í ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì wọlé sórí kọ̀ǹpútà, àfi tí a bá ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Iná lọ, iná dé, kọ̀ǹpútà tàn, kò sẹ́ni tó tẹ páswọ́ọ̀dù, Tailscale sì ń sùn. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ tẹ àmì Tailscale nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ wọ Preferences, ẹ yan Run unattended. Kí ẹ tún lọ sójú ewé tí ẹ ti ń ṣàkóso Tailscale, kí ẹ pa key expiry fún kọ̀ǹpútà yẹn. Bí a kò bá pa á, lẹ́yìn ọjọ́ 180 á ní kí ẹ wá fara hàn, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ tí ẹ kò ráyè ni.

Èyí tó ń dúró gbagidi, mo fura sí UDP. Remote Desktop máa ń lo TCP àti UDP pọ̀, ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi nǹkan ránṣẹ́ sí ara wọn, UDP yẹn sì máa ń há nígbà mìíràn bó bá ń gba inú irú ọ̀nà bíi Tailscale kọjá lórí dátà fóònù. Pro ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ lè lo gpedit, ibi tí a ti ń yan òfin fún Windows, níbẹ̀: Computer Configuration, Administrative Templates, Windows Components, Remote Desktop Services, Remote Desktop Session Host, Connections. Ẹ ṣí Select RDP transport protocols, ẹ yan Use only TCP. Ọ̀nà yẹn gùn ju ti Mọníyà lọ, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa rìn ín.

Ẹ ṣàyẹ̀wò Power ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú, kí Sleep jẹ́ Never. Kọ̀ǹpútà tó bá sùn kò ní dáhùn. Ní ilé, ní Experience (inú Show Options yẹn náà), ẹ mú àwòrán ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà kúrò, dátà yín á pẹ́ sí i.

Onítáìpù Agbowó:

Bọ̀dá Ẹnjiníà, Ọmọ Bódìjà, Bàbá Atúnwèéṣe, ẹ kú làálàá o.

Mo ti yan On the remote computer, mo pa Keyman ilé. Àmì ti ń jáde láti Mọníyà! Orí karùn-ún iṣẹ́ oníbàárà kan lórí oríkì ni mo fi dán an wò, kò fo ẹyọ kan. Bọ́tìnì Windows náà ti há lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo ṣe bí ẹ ṣe wí, ó tú. Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ló bá mi ṣe ti regedit àti ti TCP. Ọmọṣẹ́ mi ti rí @ rẹ̀. Àmọ́ ní ilé báyìí, bọ́tìnì tí wọ́n kọ @ sí lára kò gbé @ jáde mọ́, Shift àti 2 ló ń gbé e jáde. Kò dùn mí. N kì í wo bọ́tìnì kí n tó tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ mi sì ṣe mọ̀ ọ́n láti ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ mi tó ń fi lápútọ́ọ̀pù yẹn ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kò rí ìyàtọ̀ kankan, torí òun kì í wọ ṣọ́ọ̀bù.

Run unattended ṣiṣẹ́. Ó kù kan: bí iná bá lọ pátápátá tí UPS sì kú, kọ̀ǹpútà kì í tan ara rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Ṣé ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó máa tẹ bọ́tìnì?

Ẹnjiníà Sáńgo:

Rárá, àǹtí. Inú BIOS, ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dé, ló wà. Bí ẹ bá ṣe ń tan kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ máa tẹ F2, Delete tàbí F10, ó dá lórí ẹni tó ṣe é. Ẹ wá ibi Power, ẹ máa rí ohun tó jọ After Power Loss tàbí AC Recovery. Off ló sábà máa ń wà. Ẹ fi sí Power On, ẹ tẹ F10 láti fi pamọ́. Kí ẹ dán an wò lọ́jọ́ tí ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù: ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́. Bí iná tiyín bá jẹ́ irú èyí tó máa ń dé tó tún lọ lójú kan náà, kí UPS wà láàárín, kí ó má baà máa tàn kó máa kú lé ara wọn lórí.

Ọmọ Bódìjà:

Màmá, ẹ bá mi sọ fún ọmọṣẹ́ yín o: bí ẹnikẹ́ni bá pe ṣọ́ọ̀bù pé báńkì làwọn ti ń pè, pé kó fi AnyDesk (ètò tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láti òkèèrè) tàbí irú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kó sì ka nọ́ńbà tó bá rí fún àwọn, kó pa fóònù. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníṣọ́ọ̀bù.

Onítáìpù Agbowó:

Mo ti sọ fún un. Ó ní wọ́n ti pè é rí, pé òun sọ fún wọn pé ọ̀gá òun ń bọ̀. Ọjọ́ Sátidé ni n óò ṣe ti BIOS, n óò wá sọ bó ṣe rí.